Bọ́gì Kò Ṣeé Dá Gbé

Mo dúró nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn ibùdókọ̀ ojú irin Peckham Rye, bọ́gì wà níwájú mi, ọmọ oṣù mẹ́sàn-án ń sùn nínú rẹ̀, báàgì ìlédìí wà léjìká mi. Mo gbójú sókè wo àtẹ̀gùn náà bí ẹni tó fẹ́ gun ọ̀pẹ tí kò mú igbà dání. Èrò ń kọjá lọ́tùn-ún, wọ́n ń kọjá lósì. Kò sí èyí tó burú nínú wọn. Kò kàn sí èyí tó wò mí lójú ni. Ní Ìbàdàn tí mo ti wá, bí obìnrin bá dúró ti ẹrù lẹ́bàá ọ̀nà, kó tó la ẹnu ni ẹnìkan á ti ní, "Ìyá, ṣé kí n gbé e rù yín?" Mo ń retí ẹni náà. Ọkọ̀ tí mo fẹ́ wọ̀ dé lókè, mo gbọ́ ìró rẹ̀, ó sì lọ.

Nígbà tó ṣe, mo fi ojú mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan, mo ní, "Jọ̀ọ́, bá mi di iwájú mú." Ó yọ ohun tó fi ń gbọ́ orin kúrò létí, ó bẹ̀rẹ̀, ó di ibi tí ọmọ ń gbé ẹsẹ̀ lé mú, ó ń fi ẹ̀yìn gun òkè lọ, èmi náà di ọwọ́ bọ́gì mú, mo ń tẹ̀ lé e. Nígbà tí a dókè, ó rẹ́rìn-ín sí ọmọ tí kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó fi nǹkan rẹ̀ bọ etí padà, ó bá tirẹ̀ lọ. 2001 nìyẹn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé àṣẹ láti máa tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ nínú ilé mi ni, ọmọ náà sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fi síkàáwọ́ mi. Ohun tí mo rò lọ́nà ni pé gbogbo àwọn tó kọjá yẹn kò kọ̀ fún mi. Wọ́n ń dúró kí n bẹ ọ̀wẹ̀ ni.

Ọmọ tó wà lẹ́yìn, ìyá rẹ̀ nìkan ló ń gbé e. Ọmọ tó wà nínú bọ́gì, gbogbo ìlú ni yóò bá wọn gbé e. Ọmọ ẹ̀yìn kì í dí ẹnikẹ́ni lọ́nà. Ibi tí ìyá rẹ̀ bá gbà ni òun náà ń gbà, ìbáà jẹ́ orí pákó tí wọ́n fi la gọ́tà, ìbáà jẹ́ àárín ọjà, ìbáà jẹ́ ẹnu danfó tí kò tíì dúró tán. Bọ́gì ń fẹ́ ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ó ń fẹ́ ilẹ̀kùn tó fẹ̀. Ó ń fẹ́ kí ẹni tó wà níwájú yà díẹ̀. Ọwọ́ ẹlòmíì ni gbogbo rẹ̀ wà.

Àwọn ìyá ọmọ tó jẹ́ Yorùbá máa ń bi mí pé, "Àǹtí, ẹ ò ṣe kúkú pọ̀n ọ́n?" Mo ń pọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n òfin ilẹ̀ yìí gbà fún mi láti tọ́jú ọmọ mẹ́ta tí kò tíì tó ilé ìwé lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ló sì lè wà lábẹ́ ọdún kan. Ẹ̀yìn kì í gbà ju ẹyọ kan lọ. Bí aago mẹ́ta ọ̀sán bá lù, tí mo ní láti lọ mú ọmọ ọlọ́dún méje nílé ìwé, gbogbo wa la jọ ń lọ: èyí tó kéré jù wà lẹ́yìn mi nínú ọ̀já, méjì wà nínú bọ́gì onímejì, a máa ń dà bí ẹbí tó ń kó kúrò nílé. Bí a bá sì dé inú bọ́ọ̀sì, ẹni tó pọnmọ kò lè fẹ̀yìn ti àga. Ìdajì ìdí ló fi ń jókòó, yóò nà síwájú bí ẹni tó fẹ́ dìde.

Àwọn tó mọ Èkó mọ ariwo kọ̀ńdọ́: "Ó lóyún, ó pọnmọ o!" Oyún lè má sí níbẹ̀, ọmọ lè má sí lẹ́yìn, ohun tó ń sọ fún dẹ́rẹ́bà ni pé kó fara balẹ̀ kí obìnrin náà bọ́ sílẹ̀ tán. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ pa á mọ́ mi, ní Ọjọ́ta, n kò tíì lọ́mọ, ó sì bí mi nínú. Ó di ìgbà tí mo dé Lọ́ńdọ̀nù, tí n kò rí ẹni tó máa pariwo bẹ́ẹ̀ fún mi, kí n tó mọ̀ pé oore ni ọmọkùnrin yẹn ṣe mí.

Kì í ṣe pé kọ̀ńdọ́ kò sí ní Lọ́ńdọ̀nù rárá nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Bọ́ọ̀sì 12 àti 36 tó ń gba Peckham kọjá ṣì jẹ́ ti àtijọ́, Routemaster, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kò sí bí bọ́gì ṣe lè wọ inú rẹ̀ láì ká. Èèyàn á gbé ọmọ sọ́wọ́ kan, á fi ọwọ́ kejì ká bọ́gì, á sì gòkè kí ọkọ̀ tó ṣí. Kọ̀ńdọ́ kan wà lórí 36, àgbàlagbà ará Jàmáíkà, kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kan bọ́gì. Ọmọ ni kí n dì mú, ó ní, irin kò ní egungun. Á gbà á lọ́wọ́ mi, á tì í sábẹ́ àtẹ̀gùn, á lu agogo.

Ní òpin 2004 wọ́n kó irú ọkọ̀ yẹn kúrò lórí 12, nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ 2005 ó kan 36, wọ́n wá gbé bọ́ọ̀sì gígùn kan wá sórí 12, mítà 18, tí wọ́n so ìdajì méjì pọ̀ láàárín tó ń wọ́ bí erè. Ìlú bú u. Àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ lójú títì bẹ̀rù rẹ̀. Wọ́n ní àwọn tí kì í sanwó ló kún inú rẹ̀. Èmi fẹ́ràn rẹ̀, mo sì lè sọ ọ́ níbikíbi: ilẹ̀kùn mẹ́ta, ilẹ̀ pẹrẹsẹ, kò sí àtẹ̀gùn. Mo máa ń ti bọ́gì onímejì wọlé bí ẹni tó ń wọ yàrá ara rẹ̀. Kí 2011 tó parí, wọ́n ti kó gbogbo wọn kúrò nígboro. Kò sẹ́ni tó bi àwa tí à ń ti bọ́gì.

Ọkùnrin tó ṣe bọ́gì alágboòrùn, èyí tó ń ká ṣọọrọ, mọ ohun tó ń ṣe. Owen Maclaren ni orúkọ rẹ̀. Ẹnjiníà bàálù ni, ó wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí ẹsẹ̀ Spitfire, bàálù ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ẹsẹ̀ tó máa ń ká wọ abẹ́ ìyẹ́ bí bàálù bá ti gbéra. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ọmọbìnrin rẹ̀ ti òkè òkun wá kí i pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ọmọ tó wúwo bí òkúta. Bàbá àgbà wo ìyà tó ń jẹ ọmọ rẹ̀, ó padà sídìí iṣẹ́. Ní 1965 ó ya tirẹ̀ jáde, alumíníọ̀mù ni, kò tó kílò 3. Mo máa ń ronú nípa rẹ̀ bí mo bá ń fẹsẹ̀ tẹ irin ìsàlẹ̀ bọ́gì: ẹsẹ̀ bàálù ogun ló wà níkàáwọ́ mi ní Peckham.

Bọ́gì òde òní ti gbàgbé bàbá rẹ̀. Táyà rẹ̀ tó ti kẹ̀kẹ́ ológeere, ibi ìgbé kọfí sí wà lára rẹ̀, ó sì ga débi pé ọmọ inú rẹ̀ ń bá àwọn tó jókòó sílé kọfí wojú ara wọn. Bí mo bá rí ìyá tuntun tó ń ti irú rẹ̀ bọ̀, tó ń fi owó tó ná sórí rẹ̀ yangàn, ìbéèrè kan ni mo máa ń bi í: ṣé o ti ká a rí? Púpọ̀ nínú wọn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ọkọ àwọn ló mọ̀ ọ́n ká.

Kì í ṣe ọgbọ́n ni mo fi mọ iṣẹ́ yìí, àdánù ni. Ọjọ́ Sátidé kan ní Rye Lane, mo ra iṣu gbọọrọ kan, mo ra kíréètì ẹyin, mo ra ẹ̀fọ́, mo so gbogbo rẹ̀ kọ́ ọwọ́ bọ́gì bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe. Ọmọ ọdún méjì tó wà nínú rẹ̀ ní òun fẹ́ fẹsẹ̀ rìn. Mo tú bẹ́líìtì, mo gbé e sílẹ̀. N kò tíì nàró tán tí bọ́gì fi gbé iwájú sókè bí ẹṣin, tó fẹ̀yìn lélẹ̀ gbàà. Iṣu dá sí méjì. Ẹyin ṣàn lọ sábẹ́ tábìlì ẹlẹ́ja, ó sì kanra mọ́ mi bí ẹni pé ẹja rẹ̀ ni mo bà jẹ́. Ọmọ náà pàtẹ́wọ́, ó ní kí n tún un ṣe. Àṣé ọmọ ló ń mú bọ́gì dúró látọjọ́ yìí, èmi rò pé bọ́gì ló ń mú ọmọ dúró. Láti ìgbà náà, abẹ́ ìjókòó ni ẹrù mi ń lọ, èyí tí kò bá gbà níbẹ̀, ẹ̀yìn mi ni.

Àwọn nǹkan kéékèèké mìíràn wà. Bí mo bá fẹ́ bọ́ sójú títì, ẹ̀yìn ni mo fi ń sọ̀ kalẹ̀, táyà ńlá ṣáájú. Bí mo bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin tí àlàfo wà láàárín rẹ̀ àti ibi tí a dúró sí, ẹ̀yìn náà ni, nítorí táyà kékeré iwájú ló máa ń há. Bí oòrùn bá mú, n kì í da aṣọ bo bọ́gì, torí ooru tó máa wà lábẹ́ aṣọ náà ju ti òde lọ. Bí mo bá ń retí ọkọ̀ ojú irin, n kì í kọ bọ́gì síhà ojú irin láé: ẹ̀gbẹ́ ni mo ń gbé e sí, mo ń tẹ bíréèkì, ọwọ́ mi kan kì í sì í kúrò lára rẹ̀. Ní Oṣù Kẹwàá 2009, ní ibùdókọ̀ Ashburton ní Melbourne, ìyá kan mú ọwọ́ kúrò lára bọ́gì fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Bọ́gì yí lọ jẹ́ẹ́, ó já sójú irin níwájú ọkọ̀ tó ń wọlé bọ̀. Kámẹ́rà ibẹ̀ rí gbogbo rẹ̀. Ọmọ oṣù mẹ́fà tó wà nínú rẹ̀ yè, orí rẹ̀ kàn wú díẹ̀ ni. Mo wo àwòrán náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. N kò tún wò ó mọ́.

Ní ti ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀, èmi àti àwọn yòókù kì í ka máàpù kan náà. Ibùdókọ̀ tó lé ní 270 ló wà, bí ìdá kan nínú mẹ́ta péré ni èèyàn ti lè kúrò lójú títì dé ibi ọkọ̀ láì gun àtẹ̀gùn. Orí mi ni mo kó wọn sí, pẹ̀lú èyí tí líífìtì rẹ̀ ti bàjẹ́ láti ọdún tó kọjá. Àtẹ̀gùn tó ń rìn fúnra rẹ̀ ń pe èèyàn bí ẹṣẹ̀, ṣùgbọ́n n kì í ti bọ́gì gùn ún. Nígbà tí wọ́n ṣí Elizabeth line ní 2022, tí wọ́n ní kò sí àtẹ̀gùn kankan tó máa dí táyà lọ́nà ní gbogbo ibùdó rẹ̀, mo kó àwọn ọmọ, a lọ láti òpin kan dé òpin kejì. Kò sí ibi tí à ń lọ.

Mo gbé bọ́gì lọ Ìbàdàn rí, ní 2008, nígbà tí mo mú àbíkẹ́yìn mi lọ kí ìyá mi ní Òkè-Àdó. Ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà, ó yí dáadáa títí dé ẹnu ọ̀nà àbájáde. Láti ibẹ̀ lọ ó di ẹrù. Gọ́tà wà lẹ́nu ọ̀nà ìyá mi, pákó méjì ni wọ́n fi là á, àlàfo tó wà láàárín pákó méjèèjì sì bá táyà bọ́gì mu gẹ́ẹ́ bí ẹni pé wọ́n wọ̀n ọ́n. Ìyá mi rìn yí nǹkan náà ká, ó ní, "Ọmọ yìí kò ha ní ẹ̀yìn ìyá ni?" Ó na ọwọ́ mú ọ̀já. Ọmọ tí kò tíì dákẹ́ láti Èkó sùn kí ó tó wé ọ̀já náà tán. Lọ́jọ́ kẹta mo jí, n kò rí bọ́gì. Àbúrò mi ọkùnrin ti gbé kẹ́ẹ̀gì omi méjì sínú rẹ̀, ó fi bẹ́líìtì dì wọ́n dáadáa, ó ń tì wọ́n bọ̀ láti ibi ẹ̀rọ omi, ó ń súfèé. N kò gbé e padà wá. Wọ́n ní ó lò tó ọdún mẹ́ta nídìí omi pípọn.

Èyí tí mo fẹ́ sọ gan-an ni mo ń fi gbogbo ìyẹn yí kiri.

Ní ìgbà òtútù 2010, òjò ń rọ̀, mo wà nínú bọ́ọ̀sì pẹ̀lú bọ́gì onímejì. Àwọn ìbejì kan wà nínú rẹ̀, wọ́n ti sunkún láti òwúrọ̀, oorun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọn lọ ni. A dé Camberwell. Obìnrin kan wà ní ibùdókọ̀ lórí àga onítáyà. Awakọ̀ fi ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ pé kí ẹni tó ni bọ́gì jọ̀wọ́ ká a, kí ó fi àyè sílẹ̀ fún un. Gbogbo ọkọ̀ kọjú sí mi. Mo wo ojú àwọn ọmọ méjèèjì, mo wo òjò, mo sì sọ pé bọ́gì mi kò ṣeé ká. Irọ́ ni. Ó ṣeé ká. Mo ti ká a lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ náà. Awakọ̀ sọ ohun kan sínú òjò tí n kò gbọ́, ilẹ̀kùn tì. Bí a ṣe ń lọ, mo rí i láti ojú fèrèsé: ó ń fi ọ̀rá bo orúnkún rẹ̀. Kò wo bọ́ọ̀sì náà rárá. Ẹni tó ti mọ̀ ọ́n lára ni.

N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ní Oṣù Kìíní 2017, ìròyìn gbé e pé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ yìí ti dá ẹjọ́ Doug Paulley. Ní 2012, ọkùnrin yìí fẹ́ fi àga onítáyà rẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì láti Wetherby lọ sí Leeds. Bọ́gì kan wà ní àyè rẹ̀, ọmọ ń sùn nínú rẹ̀. Awakọ̀ bẹ ìyá ọmọ, ìyá ọmọ ní bọ́gì òun kò ṣeé ká. Wọ́n fi ọkùnrin náà sílẹ̀. Ọdún márùn-ún ló fi lọ sókè sódò ní ilé ẹjọ́. Àwọn adájọ́ ní kò tó kí awakọ̀ kàn bẹ èèyàn lẹ́ẹ̀kan kí ó sì wa ọkọ̀ lọ. Bí ẹni náà bá kọ̀ láìnídìí, ó yẹ kí ó tẹ̀ síwájú, kódà kí ó dá ọkọ̀ dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ojú lè ti ẹni tó kọ̀. Orí ọ̀rọ̀ tí ìyá ọmọ náà sọ ni mo dúró sí. N kò mọ̀ bóyá bọ́gì tirẹ̀ ṣeé ká lóòótọ́. Tèmi ni mo mọ̀.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ń bínú sí ìdájọ́ náà. Wọ́n ní wọ́n ń mú ìyá ọmọ àti àkàndá bá ara wọn jà, nígbà tó jẹ́ pé àyè ọkọ̀ ló kéré. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí à ń ti bọ́gì wọ̀ yìí, kì í ṣe àwa ìyá ọmọ la jà fún un. Àwọn àkàndá ló so ara wọn mọ́ bọ́ọ̀sì lójú títì Lọ́ńdọ̀nù ní àwọn ọdún 1990, tí ọlọ́pàá ń já wọn kúrò. Àwa ń ká bọ́gì nígbà náà, à ń kùn. Orí ọ̀nà tí wọ́n là ni mo jókòó sí lọ́jọ́ òjò yẹn.

Láti ìgbà náà, n kì í ra bọ́gì tí n kò lè fi ọwọ́ kan ká, mo sì máa ń ṣe ìdánrawò rẹ̀ nínú pálọ̀, àwọn ọmọ á máa ka eéní, èjì. Ní ọdún tó kọjá, lórí 36, ní Camberwell náà, mo gbọ́ bíì-bíì pátákó tó máa ń yọ jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn àárín. N kò dúró kí awakọ̀ bẹ̀ mí. Mo tú bẹ́líìtì, mo gbé ọmọ oṣù mẹ́wàá, mo ní kí obìnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi jọ̀ọ́ bá mi gbé e. Ó tẹ́ itan fún un bí ẹni pé ó ti ń retí rẹ̀. (Bí àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ wa wò bá ń ka èyí, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré ni, ojú mi kò sì kúrò lára ọmọ.) Mo tẹ irin ìsàlẹ̀, mo fa ti òkè, bọ́gì ká sílẹ̀ bí ẹni tó ń kúnlẹ̀ kí àgbà.

Obìnrin kan wọlé lórí àga onítáyà tó ń lo bátìrì. Ó yí i po lẹ́ẹ̀kan, ó fẹ̀yìn ti ibi tí wọ́n ṣe fún un. Kò dúpẹ́, n kò sì retí ọpẹ́. Àyè rẹ̀ ni. Ọmọ ọdún mẹ́ta tó jókòó tì mí wò ó láti ẹsẹ̀ dé orí. Ó na ọrùn wo ẹ̀yìn àga náà, kò rí ẹnì kankan.

"Ta ló ń tì yín?" ló bi í.

Ojú tì mí. Obìnrin náà gbé ìka kan sókè, ó fi ọ̀pá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀ hàn án, ó sún un díẹ̀, àga náà mi. Ọmọ náà ronú sí i títí a fi kọjá ibùdókọ̀ kan.

"Ṣé bọ́gì tèmi náà lè ní irú ẹ̀?"

Obìnrin náà wò mí. Ó ní, "Àǹtí rẹ ni kí o bi."